Iye Ìbò Tí Délé Ọmọ Mi Pè ní Minna

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ kò jẹ́ kí n sinmi láti ìgbà tí mo ti dé, tí ẹ ń ní, "Ìyá Délé, kí lẹ rí lọ́hùn-ún?" Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Ẹni tó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò gbọ́ òpin, ẹni tó gbọ́ òpin ti fi àbùmọ́ kún un. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ẹ ó sì rí i nínú ìkọ̀wé mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí, mo rí i dáadáa.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé Délé ọmọ mi kú sí Minna níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ẹ mọ̀ pé n kò lọ síbi ìsìnkú, nítorí òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ. Ìyá Ruth, Ìyá Sámúẹ́lì àti Bọ́sẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló jókòó tì mí lọ́jọ́ náà, wọ́n ń dárin kí n má baà gbọ́ ohun tí ọkàn mi ń sọ. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni ohun tí Àbíkẹ́, ìyàwó Délé, sọ fún mi lórí fóònù nígbà tó yá. Ó ní, "Mama, wọ́n ní Délé jí ìbò."

Délé! Ọmọ tí kì í fọwọ́ kan ẹran inú ìkòkò àfi tí wọ́n bá pín in.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Àwọn Yorùbá tó wà ní Minna àti agbègbè rẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Àtùpà. Délé ni akọ̀wé wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan alága, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dìbò ní àdúgbò tirẹ̀, wọ́n ka ìbò náà, wọ́n sì pe iye rẹ̀ fún Délé lórí fóònù kí ó kéde rẹ̀. Ògbẹ́ni Adéwùmí ló wọlé, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa. Alàgbà Ọláwálé tó fìdí rẹmi ní èsì náà kò mọ́, ó ní Délé fi iye kún iye fún ará ìlú rẹ̀. Kí wọ́n tó yanjú rẹ̀, àìsàn tó ti wà lára ọmọ mi tẹ́lẹ̀ ti gbé e dé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń sọ títí ó fi dákẹ́: "Iye tí wọ́n pè fún mi ni mo pè."

Àbíkẹ́ wá ní ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ìpàdé àpapọ̀. Orúkọ gbogbo akọ̀wé ló wà lára ògiri gbọ̀ngàn wọn, wọ́n sì fẹ́ fi ọ̀dà pa ti Délé rẹ́ lójú gbogbo ayé.

Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dúró dè mí."

Odò Ọya

Ṣàkírù ló wa ọkọ̀ tí mo wọ̀, ọmọkùnrin Ìlọrin kan tó ń jẹ obì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin Tápà kan ló jókòó tì mí, Fátímà lorúkọ rẹ̀, ó ń lọ sí Bida. Bí a ti kọjá Ìlọrin ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀. Igi ń kúrú, ojú ọ̀run ń ga, àwọn màlúù ń kọjá títì bí ẹni tó ni ín.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ Odò Ọya, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ kò jọ ẹni tó rí. Nígbà tí a gun afárá ní Jẹbba, omi náà tẹ́ bí aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi àlùmọ́gàjí kàn. Mo ń wá etí rẹ̀, bí aránṣọ ti í wá etí aṣọ, n kò tètè rí i. Àwọn èrò ọkọ̀ ń sùn. Èmi lanu sílẹ̀ bí ọmọdé. Mo ní nínú ara mi pé, omi tí Délé máa ń gbà kọjá ní gbogbo ọdún Kérésìmesì nìyí, kò sì sọ fún mi rí pé ó tóbi tó báyìí.

Fátímà wò mí. Ó bi mí ní Yorùbá tó ń ta kókó pé, "Mama, ta ni ẹ ń lọ kí?"

Mo ní, "Ọmọ mi."

Ó ní, "Inú rẹ̀ á dùn láti rí yín."

N kò tún un ṣe fún un. Mo ní, "Àmín."

Nígbà tí ọkọ̀ dúró níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja gbígbẹ, Fátímà sọ̀ kalẹ̀. Ó yẹ ẹja wò níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó ń bá wọn jà sí i ní èdè Tápà, ó sì mú èyí tó tóbi jù lọ fún mi. Ó ní kí n gbé e fún ọmọ mi. Obìnrin tí n kò rí rí! Mo gbà á. Ẹja náà ni mo gbé lórí ẹsẹ̀ kọjá Mokwa, kọjá Bida níbi tí Fátímà ti dágbére fún mi, títí mo fi dé ilé tí kò sí ọmọ mi níbẹ̀ mọ́.

Báwo ni sùúrù?

Minna, ìlú àpáta ni. Àwọn òkúta ńláńlá jókòó yí i ká bí àgbàlagbà tó ti dé ìpàdé kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nílé wa níbí. Bí ìyá òkú bá wọlé, igbe ni yóò pàdé rẹ̀. A ó dì mọ́ ọn, a ó ní, "Ó mà ṣe o," a ó sunkún títí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ yóò fi máa rẹ àwa lẹ́kún. Ní Shango, àdúgbò tí ilé Délé wà ní Minna, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn aládùúgbò rẹ̀, Hausa, Gwari, Tápà, ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á lóṣòó, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní, "Yaya haƙuri?"

Mo rò pé ìrìn-àjò mi ni wọ́n ń béèrè. Àbíkẹ́ ló túmọ̀ rẹ̀: "Mama, wọ́n ní báwo ni sùúrù?"

Báwo ni sùúrù! Mo rò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwa a máa ní "ẹ ṣe sùúrù", a ń pa á láṣẹ. Àwọn ń béèrè àlàáfíà rẹ̀, bí ẹni pé sùúrù jẹ́ aláìlera kan tó ń bá mi gbé nínú yàrá. Àbíkẹ́ kọ́ mi ní èsì rẹ̀, "Mun gode Allah," a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ń dá wọn lóhùn, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ṣùgbọ́n ìjókòó jẹ́ẹ́ náà tù mí lára ju igbe lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Délé bí, Fúnmiláyọ̀. Ọjọ́ Túsìdeé ni wọ́n bí i ní Minna, nítorí náà gbogbo àdúgbò ń pè é ní Talatu, bí àwọn Hausa ti ń pe obìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà, orúkọ yẹn sì ti bo tiwa mọ́lẹ̀. Ó ti di tíṣà ní Maikunkele, lẹ́bàá Minna. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, Yorùbá ń jáde bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn.

"Mama Àgbà, sannu da zuwa. Ẹ kú ìrìn. Yaya hanya? Ọ̀nà... ọ̀nà dára?"

Mo ní, "Ọ̀nà dára, ọmọ mi. Gba ẹja yìí."

Ó ní, "Ta ló fún yín?"

Mo ní, "Ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sí bàbá ẹ." Ó gbà á, ó gbé e mọ́ àyà, ó wọ ilé ìdáná lọ, kò sì tètè jáde.

Hajiya Rẹ́kíyà, obìnrin ilé kejì, ní kí Talatu bi mí léèrè ọjọ́ orí mi. Mo ní, "Ọdún márùndínlọ́gọ́rin." Talatu túmọ̀ rẹ̀. Hajiya fi ọwọ́ bo ẹnu: "Kai! Allah ya ƙara lafiya!", pé kí Ọlọ́run fi àlàáfíà kún un. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo eyín mi, ó sì sáré pe àwọn mìíràn wá wò mí. Mo ní àwọn èèyàn yìí mà ń bọ̀wọ̀ fún àgbà o.

Oúnjẹ àti Ọjà Kure

Wọ́n bọ́ mi yó. Hajiya ń gbé masa wá láràárọ̀, ìrẹsì tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n dín, ó funfun, ó rọ̀ bí ìrọ̀rí, ọbẹ̀ tí wọ́n fi elégédé sè la fi ń jẹ ẹ́. Fura ni n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe. Wọ́n fi ọkà bàbà ṣe é róbótó, wọ́n fọ́ ọ sínú wàrà àwọn Fúlàní. Ó kan díẹ̀. Mo fẹ́ gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń wo ẹnu mi, mo bá gbé e mì bí oògùn. Ní ọjọ́ kẹta, èmi ni mo ń béèrè pé, "Fura mi dà?"

Talatu mú mi lọ sí Ọjà Kure, ó ń sọ ọjọ́ orí mi fún ẹni tó bá béèrè. Ibi tí mo bá ti dúró ni wọ́n ti ń gbé àpótí fún mi láti jókòó. Dánjúmà tó ń ta ọsàn fi ọsàn sí mi lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń sọ nǹkan, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo ní, "Talatu, kí ló ń sọ?"

Ó ní, "Ó ní kí Ọlọ́run fún òun ní irú ẹsẹ̀ yín, Mama Àgbà."

Mo gbé ẹsẹ̀ náà jáde dáadáa kí wọ́n lè rí i. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni pé bí Talatu bá ń bá mi sọ Yorùbá, tó sì fẹ́ ka nǹkan, Hausa ni yóò yà sí. "Mama Àgbà, ẹ jẹ́ ká mú, ɗaya, biyu, uku..." Mo ní, "Yorùbá rẹ kò mọ iye ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti Yorùbá ti gùn jù, kí èèyàn tó pè é tán, ọsàn á ti rà. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ohun tó gbé mi wá sí Minna ni mo ń fi rẹ́rìn-ín yẹn.

Ìrù iye

Mallam Yákúbù ni ọ̀rẹ́ Délé tímọ́tímọ́, Tápà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìmọ̀ ìṣirò. Ìlọrin ló ti kàwé nígbà kan, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá. Ó ti wá kí mi nígbà tí mo dé, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú mi. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, ó tún wá ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó ní, "Mama, èmi ni mo fún wọn ní ọ̀bẹ tí wọ́n fẹ́ fi gé orúkọ Délé."

Mo ní, "Ṣàlàyé fún mi. Má sáré."

Ó ní Alàgbà Ọláwálé ló gbé èsì ìbò náà wá bá òun, pé kí òun fi ìmọ̀ òun wò ó. Òun gbà, nítorí òun rò pé yóò gbe Délé. Ó ní káàkiri ayé ni wọ́n ti ń fi ìṣirò wo èsì ìbò.

"Mama, gbogbo iye ló ní orí, ó sì ní ìrù. Ẹ wo 27. Méjì ni orí, méje ni ìrù. Orí ń sọ bí ẹ̀ka ṣe tóbi tó. Ìrù kò sọ nǹkan kan. Eyín ń dun ẹnì kan, kò wá dìbò, méje di mẹ́fà. Táyà ẹnì kan kò jò mọ́, ó dé, mẹ́fà di méje. Ìrù dà bí òjò, kò mọ ilé ọ̀tá, kò mọ ilé ọ̀rẹ́. Bí iye bá pọ̀, gbogbo ìrù, láti òdo dé mẹ́sàn-án, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó tó ń fi orí ara rẹ̀ rò iye, ó ní èyí tó fẹ́ràn, ó ní èyí tó ń sá fún."

Mo ní, "Bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ń parọ́ pé òun ti wọn oníbàárà. Ìwọ̀n rẹ̀ máa ń dára jù."

Ó ní, "Ẹ ti gbọ́ mi, Mama. Ẹ̀ka tó dìbò tó ogún, àwọn tó ń du ipò jẹ́ méjì, kò sì sí iye tó kéré sí mẹ́wàá. Nínú gbogbo iye tí Délé kéde, kò sí ìrù mẹ́fà. Kò sí méje. Kò sí mẹ́jọ. Kò sí mẹ́sàn-án. Ẹyọ kan péré kò sí. Iye ìbò sì ju iye èèyàn lọ ní ẹ̀ka Maikunkele. Mo sọ ohun tí mo rí. Mo ní ọwọ́ kan ti kan iye yìí. Wọ́n ní, 'Ọwọ́ ta ni, bí kì í bá ṣe ti akọ̀wé?'"

Mo ní, "Kí ni ìwọ wí?"

Ó ní, "Mo ní ìrù a máa sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Kì í sọ ẹni tó ṣe é. Wọn kò gbọ́ ìyẹn."

Mo bi í pé àwọn ẹ̀ka ńkọ́, ṣé wọn kò mọ iye tí wọ́n pè? Ó ní wọ́n ti sun àwọn ìwé ìbò. Àṣà ẹgbẹ́ náà ni, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá ọwọ́ ìkọ̀wé ẹnìkejì. Àwọn olórí ẹ̀ka kan ní àwọn kò rántí mọ́, àwọn mìíràn búra pé iye tiwọn kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀yìn Alàgbà ni wọ́n, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Adéwùmí sì ní irọ́ ni wọ́n ń pa.

Dín

Hajiya Rẹ́kíyà gbé fura mi wọlé, ó rí Mallam, ó sì nawọ́ sí mi, ó ń fi mí yangàn bí ẹni pé òun ló bí mi.

Mallam rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mama, Hajiya ní ẹ ti lé ní ọgọ́rin, ọgọ́rin àti márùn-ún, ẹ sì ń rìn lọ rìn bọ̀ ní Kure."

Mo ní, "Ta ló lé ní ọgọ́rin? Ṣé wọ́n fẹ́ sin mí ni? Márùndínlọ́gọ́rin ni mí!"

Hajiya nawọ́ sí Talatu, ó ní, "Talatu ce ta gaya mana. Tamanin da biyar."

Talatu wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó ní, "Ṣebí ohun tí ẹ sọ nìyẹn, Mama Àgbà. Márùn-ún, dín, ọgọ́rin. Biyar da tamanin."

Mallam kọjú sí i. Ó rọra ní, "Talatu. Bí mo bá ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kí lo máa kọ?"

"Mẹ́ta, ọgbọ̀n. Talatin da uku. 33."

"Bí mo bá ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ńkọ́?"

"33 náà ni." Ó ń wo wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo rò pé bákan náà ni wọ́n. Àwọn àgbà máa ń pe nǹkan kan lọ́nà méjì."

Mallam ní, "Talatu, *dín* ba *da* ba ne. *Dín*, *babu* ne." Ó yíjú sí mi kí n lè gbọ́: "Mama, *da* ni Hausa fi ń pa iye pọ̀, ọgbọ̀n àti mẹ́ta. *Dín* yín ló gbọ́ bíi *da*. Mo sọ fún un pé *babu* ni, kò sí, wọ́n ti mú un kúrò." Ó tún kọjú sí i. "Lọ́jọ́ ìbò, Délé ń pè é. Ta ló ń kọ ọ́?"

Àbíkẹ́ tó ti ń gbọ́ láti inú yàrá ló jáde dáhùn. Ó ní ara Délé kò yá lọ́jọ́ náà. Orí àga gígùn ló dùbúlẹ̀ sí, ó dijú, ó fi fóònù sétí. Ẹ̀ka ń pe iye fún un ní Yorùbá, nítorí òfin ẹgbẹ́ ni pé Yorùbá nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ. Ó ń tún un pè sókè, Talatu sì ń kọ ọ́ sínú fóònù tirẹ̀, òun ló fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́.

Mallam bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kọ ọ́ sórí eruku ilẹ̀. "Ìrù mẹ́fà, mẹ́rin ló dín. Ó di mẹ́rin. Méje di mẹ́ta. Mẹ́jọ di méjì. Mẹ́sàn-án di ọ̀kan. Ìdí nìyí tí wọn kò fi sí! Ohun tó yẹ kí a yọ kúrò ni ó fi kún un, gbogbo àṣìṣe ló ń lọ sókè, ìbò bá pọ̀ ju èèyàn lọ." Omi ti dé ojú rẹ̀. "Mama, Délé pe ohun tí wọ́n pè fún un."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó wọ ọkọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ló ti kọ́ iye, ní kékeré. Èmi ń wọn oníbàárà, mo ń pè é, mẹ́rìndínlógójì, méjìdínlọ́gbọ̀n, òun ń fi ṣọ́ọ̀kì aṣọ kọ ọ́ sára pákó. Kò ṣì í kọ rí.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Talatu ti jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo pa Daddy."

Mo dìde lọ bá a. Mo ní, "Gbé ojú sókè. Àìsàn ló pa bàbá rẹ, ó ti wà lára rẹ̀ kí wọ́n tó dìbò. Ìwọ ṣì í gbọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Kí wọ́n kun ògiri wọn. N kò ní fi ọmọ tó wà láàyè gba orúkọ ọmọ tó ti lọ."

Ó nu ojú. Ó ní, "Mama Àgbà, orúkọ tó wà lára ògiri yẹn, orúkọ tèmi náà ni."

Gbọ̀ngàn

Gbọ̀ngàn kún. Mo rí ògiri náà, mo rí orúkọ ọmọ mi, mo rí agolo ọ̀dà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti gbé e wá ṣáájú wa.

Talatu dìde, ó sọ ọ́ bó ti rí, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró. Nígbà tó parí, àwọn kan ń kùn. Alàgbà Ọláwálé dìde. Ọkùnrin tó ga ni, ohùn rẹ̀ wúwo.

Ó ní, "Mama, ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ṣé ìtàn àlọ́ la wá gbọ́? Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n?"

Mo ní, "Alàgbà, ṣé mo lè béèrè nǹkan kan? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ bí sí Minna jáde síwájú pẹ̀lú bébà. Kí n pe iye mẹ́rin fún wọn."

"Àní kí Dámilọ́lá tèmi ṣáájú," ni Alàgbà wí. "Ilé mi, Yorùbá la ń sọ."

Wọ́n jáde, wọ́n tò sílẹ̀. Mo pè é bí mo ṣe máa ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, ketekete: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rìndínlógójì, mọ́kàndínlógún. Mallam Yákúbù tí wọ́n pè wá ṣe ẹlẹ́rìí gba bébà, ó kà á sókè. 33, 52, 44, 21. Ẹlòmíràn, 33, 52, 44, 21. Ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn. Ọmọ kan ṣoṣo ló gbà á, 27, 48, 36, 19: Jọláadé, tó ti gbé lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́.

Ìyá kan pariwo sí ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn: "Ìwọ! Gbogbo owó ilé ẹ̀kọ́ yẹn!" Ẹ̀rín bẹ́. Wọ́n wá ka ti Dámilọ́lá. 33, 52, 44, 21.

"Alàgbà, Yorùbá ilé yín mà jinlẹ̀ o!" ni ẹnì kan ké láàárín èrò.

"Ẹ bá wa fi 52 kí i!"

Alàgbà gba bébà náà, ó wò ó títí. Ó ní, "Dámilọ́lá, ọmọ ọdún mélòó ni mí?" Ọmọ náà ní, "Daddy, ẹ sọ fún wa pé méjìdínláàádọ́rin." Ó ní, "Ní Hausa." Ọmọ náà ní, "Saba'in da biyu."

Ẹni ọdún 68, ọmọ rẹ̀ ti rò pé 72 ni. Alàgbà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ohun mìíràn. Ó bọ́ fìlà. Ó rìn wá síbi tí mo jókòó, ó dọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú gíga rẹ̀ náà.

"Mama, ẹ foríjì mí. Mo pe ọmọ yín ní olè."

Mo ní, "Dìde, ọmọ mi. Yaya haƙuri?"

Gbogbo gbọ̀ngàn ló dáhùn fún un.

Wọ́n bi Mallam bóyá ó lè tún iye náà ṣe, kí wọ́n mọ ẹni tó wọlé gan-an. Ó ní kò ṣeé ṣe, nítorí 33 kan lè jẹ́ 33 lóòótọ́, òmíràn 27, èèyàn kò sì lè dá wọn mọ̀ mọ́. Ògbẹ́ni Adéwùmí dìde láti orí àga alága, ó ní òun kò jókòó síbẹ̀ mọ́, kí wọ́n tún un dì. Wọ́n ní Talatu ni kí ó gba èsì rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kọ̀. Àwọn ni wọn kò gbà.

Mo fọwọ́ kan orúkọ náà lára ògiri kí n tó jáde. Ẹnì kan ti gbé agolo ọ̀dà kúrò.

Ilé

Ìrọ̀lẹ́ tó kù fún mi ní Shango, èmi àti Talatu lò ó lórí iye. Hajiya Rẹ́kíyà náà jókòó, ó ń kọ́ ọ. Bí ó bá ṣì í, mo ní "Babu!", gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. N kò lọ síbi sàréè. Mo yíjú nígbà tí ọkọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, bí àṣà ti wí. Nígbà tí a dé Odò Ọya, mo la ojú mi méjèèjì.

Ọjọ́ tí wọ́n tún ìbò náà dì, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi tó ti wà ní títì. Mo nu pákó tí Délé máa ń kọ nǹkan sí, mo mú ṣọ́ọ̀kì aṣọ. Talatu ti ní kí n jẹ́ ẹlẹ́rìí òun, pé iye tí òun bá gbà, òun á pè é fún mi kí òun tó kéde rẹ̀. Fóònù dún.

"Mama Àgbà, ẹ̀ka Shango nìyí. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

Mo ní, "Tún un pè."

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Talatin, uku babu."

Ìrù náà nìyẹn, méje, tó ti sọnù. Mo gbé ọwọ́ sókè sí pákó náà. Iye tó pè fún mi ni mo kọ.